Bíà Tí Mo Pọn fún Àádọ́rin Ọdún Ìyá Wa ní Ìpẹru-Rẹ́mọ: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́

Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí ìyá wa pé ẹni àádọ́rin ọdún, àwa ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sí ilé bàbá wa ní Ìpẹru-Rẹ́mọ láti pín iṣẹ́ àríyá náà láàárín ara wa. Bùrọ̀dá wa àgbà gba kánópì, àga àti onílù. Àǹtí wa gba oúnjẹ. Àbúrò wa gba ìwé ìpè àti aṣọ ẹbí. Èmi sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n pọn apá kan nínú ọtí tí a ó fi ṣe àlejò. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń pọn bíà ní ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n lítà 20 ni mo máa ń pọn lẹ́ẹ̀kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni a sì máa ń mu ún. N kò gbé e síwájú èrò rí. Bùrọ̀dá wo ojú mi títí, wọ́n ní, "Pọn ọ́n, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àlejò ìyá wa gbé ife sílẹ̀ láìmu ún tán." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé iṣẹ́ mi, òun náà ni ó sì darí gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ṣáájú àríyá: ìṣirò

Ìwé ìpè tí a tẹ̀ jẹ́ 300. Mo jókòó ti ìyá wa, a sì ka orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn ìbátan wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún, àti àwọn ọmọdé, gbogbo wọn kò ní fẹnu kan ọtí. A ó pọn omi atalẹ̀ àti zóbò fún àwọn yẹn. Àwọn tó ṣẹ́ kù tó nǹkan bí 120. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mu ìgò ńlá kan, èyí tó ń gba sẹ́ńtílítà 60, lítà 72 ni yóò lọ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ àríyá ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí mo-gbọ́-mo-yà ti lè pọ̀ tó ẹni tí a fi ìwé pè? Mo fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e, ó di lítà 96, mo sì tún bu díẹ̀ sí i nítorí ìgò tó lè fọ́ àti ọtí tó lè bàjẹ́. Mo fi ẹnu rẹ̀ kò sí lítà 110. Bùrọ̀dá yóò ra bíà ilé iṣẹ́ kún un, kí ó má baà jẹ́ pé èmi nìkan ni gbogbo ìdí ọtí wà lọ́rùn mi.

Iye kì í ṣe ohun tó le. Ohun tó le ni irú bíà tí yóò jẹ́. Mo gbìyànjú láti fi ojú inú wo ẹni tí yóò mu ún: ó jókòó sábẹ́ kánópì ní aago méjì ọ̀sán, ó wọ aṣọ òkè, ata ọbẹ̀ ayamáṣe ń ta á lẹ́nu, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gun ọ̀nà márosẹ̀ padà sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Irú bíà wo ni onítọ̀hún yóò mu tán, tí yóò sì tún na ife rẹ̀ sí ẹni tó ń gbé ọtí? N kò bi ara mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ẹnu ara mi ni mo ti ń pọn bíà fún láti ọdún mẹ́fà wá.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án: ọkà bàbà láti Sábó

Mo lọ sí Sábó ní Ṣàgámù, níbi tí àwọn oníṣòwò Hausa ti ń ra obì ilẹ̀ Rẹ́mọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì ń kó ọkà Òkè Ọya wá tà. Kí n tó sanwó àpò kankan, mo bẹ Alhaji tó ń tà á pé kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ kan lọ sílé. Mo ka hóró 100 sórí aṣọ funfun tútù, mo ká a, mo sì fi í sínú abọ́. Ní ọjọ́ kẹta, 93 ti yọ gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́ bí ẹnu abẹ́rẹ́. Èyí ni ẹ̀rí tí mo nílò, nítorí ọkà tó ti gbó jù tàbí tí kòkòrò ti jẹ ojú rẹ̀ kì í hù, ọkà tí kò bá sì hù kò lè di bíà. Mo tún béèrè dáadáa bóyá wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí i, nítorí ọkà tí wọ́n ti fi oògùn pa lára fún gbígbìn kò gbọdọ̀ kan ẹnu ènìyàn rárá. Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo padà lọ ra àpò funfun kan àti kóńgò mẹ́wàá nínú èyí tó pupa.

Bí a ṣe ń mú un hù kò ṣòro, sùúrù ni ó gbà. Ó wà nínú omi fún ọjọ́ kan gbáko, mo sì ń pààrọ̀ omi náà kí ó má baà kan. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹ sórí àpò tútù nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, mo ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ń yí i padà, nítorí ọkà tó ń hù máa ń gbóná, bí a bá sì fi í sílẹ̀ ní òkìtì yóò bu. Ní ọjọ́ kẹrin, mo kó o síta, mo sá a sí oòrùn títí ó fi gbẹ kangan.

Iṣẹ́ tí mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán èyí wò kí ó má ṣe fò ni fífi ọwọ́ ra ọkà gbígbẹ náà. Gbòǹgbò àti ọ̀mùnú ọkà bàbà tó ń hù ní èròjà kan nínú tó lè di sáyánáìdì, májèlé ni. Nígbà tí ọkà bá ti gbẹ, a ó máa rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kí àwọn gbòǹgbò náà já bọ́, a ó sì fi àtẹ fẹ́ ẹ dànù títí yóò fi ku hóró nìkan. Gbígbẹ náà àti sísè tí yóò tẹ̀lé e ni yóò lé ọ̀pọ̀ nínú èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ. Èmi àti àbúrò mi fi ọ̀sán kan gbáko ṣe é, eruku rẹ̀ bo irun wa. Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí wọn kì í fi lọ ata, mo sì bẹ ọlọ́lọ̀ pé kí ó lọ̀ ọ́ ní gbẹ̀ẹ́rẹ̀, kí ó má kúnná bí èlùbọ́, nítorí èyí tó bá kúnná jù yóò dí asẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: oríṣi márùn-ún

Mo pinnu láti pọn oríṣi márùn-ún ní díẹ̀díẹ̀, kí n lè fi ẹnu àwọn ènìyàn yàn nínú wọn. Èkíní ni bíà ọkà bàbà tí mo fi ewúro gbígbẹ mú korò díẹ̀. Èkejì jẹ́ bíà fẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi ọkà bàbà, ṣúgà, atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe. Ẹ̀kẹta ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo, èyí tí mo gbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní agboolé tó wà lẹ́yìn tiwa. Ẹ̀kẹrin ni bíà dúdú tí mo fi ọkà yíyan àti orógbó ṣe, èyí tí mo ti pọn lítà 20 rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù méjì ṣáájú, tí ó sì jẹ́ ìgbéraga mi. Ìkarùn-ún ni àgàdàgídí, tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ṣe.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe se ti ọkà bàbà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Nínú ọkà tó hù ni agbára kan wà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ti báálì, tí àwọn Òyìnbó fi ń pọn bíà, rọrùn: sítáàṣì rẹ̀ ń tú sínú omi tí kò gbóná ju èyí tí ẹ́ńsáìmù náà lè fara dà lọ. Ti ọkà bàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Kí sítáàṣì rẹ̀ tó tú dáadáa, omi ní láti gbóná dé ibi tí ẹ́ńsáìmù yóò ti máa kú. Nítorí náà mo po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 45°C, mo fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tòrò, mo sì rọra fi igbá bu omi òkè rẹ̀ pamọ́, nítorí inú omi yẹn ni ẹ́ńsáìmù wà. Mo gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ki kaná, mo ń rò ó títí ó fi dà bí ògì tó jinná. Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, mo da omi àkọ́kọ́ yẹn padà sí i, ìgbóná rẹ̀ dúró sí 65°C, mo fi ìdérí bò ó, mo sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé ìkòkò náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí máa ń dùn mọ́ mi nígbà gbogbo. Mo kán omi ọkà náà sórí abọ́ funfun, mo sì kán áyódíìnì kan lé e. Lójú ẹsẹ̀ ó di dúdú bí aró, èyí tó fi hàn pé sítáàṣì ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó di elésè àlùkò. Nígbà tí ó pé àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, áyódíìnì náà jókòó sójú omi pẹ̀lú àwọ̀ ara rẹ̀, ó pọ́n bí epo tí a rẹ́, kò yí padà mọ́. Mo tọ́ omi náà wò. Ó dùn bí ìrèké.

Bùrọ̀dá bàbá wa kan tó wá kí wa lọ́jọ́ náà sọ pé bíà tí kò bá ní báálì kì í ṣe bíà. Mo rán wọn létí pé ní ọdún 1988, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó báálì tó hù wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà wa yíjú sí, àwọn ènìyàn kò sì dẹ́kun àtimáa mu ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bu díẹ̀ wá.

Ọ̀ràn ìgbóná yàrá náà ṣe pàtàkì. Yàrá tí mo ń tọ́jú ọtí sí máa ń wà láàárín 28°C sí 31°C. Bíà láágà, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń pọn jù, ń fẹ́ òtútù tó wà ní nǹkan bí 10°C nígbà tí ó bá ń ru, n kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba fún èyí, nítorí náà n kò tilẹ̀ ronú lórí láágà. Ìwúkàrà bíà tó wọ́pọ̀ máa ń mú òórùn burúkú jáde bí yàrá bá gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó yọ mí nínú ìṣòro ni ìwúkàrà kan tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Nọ́wè ń lò, tí wọ́n ń pè ní kveik. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìgbóná tó ju 30°C lọ, ó sì ń yára: ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ó ti parí iṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ yẹn máa ń sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí wọn gbẹ, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ de ìgbà mìíràn. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá àgbà oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́, wọ́n fi igbá kan hàn mí tí wọn kì í fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, nítorí ohun tó wà lára rẹ̀ ni ó ń mú ọtí tuntun ru.

Ọ̀sẹ̀ keje: ìgò fọ́

Mo kánjú lórí bíà atalẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀n tó ń léfòó nínú ọtí fi 1.014 hàn (omi lásán jẹ́ 1.000; bí ṣúgà inú ọtí bá ṣe ń tán ni iye náà ń lọ sílẹ̀), ìfòfó orí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, mo sì rò pé ó ti parí. Mo fi ṣúgà sí i, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì fi kọ́ọ̀kì dé e. Ní òru ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ìró bí ìbọn nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Òmíràn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀. Ní àárọ̀ mo wọ bàtà òjò, mo wọ ìbọ̀wọ́ awọ, mo fi ìgbálẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé: ìgò mẹ́fà ti fọ́, àfọ́kù kan wọ inú pákó ìlẹ̀kùn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ẹ̀mú yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kan wọ ibẹ̀ ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ fún ìyá wa.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Bíà náà ṣì ní ṣúgà tí ìwúkàrà kò tíì jẹ tán, mo sì tún bu òmíràn lé e. Láti ọjọ́ náà, n kì í rọ bíà sínú ìgò bí n kò bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ mẹ́ta sí ara wọn, kí iye náà sì dúró sójú kan. Gíráàmù 6 ni ṣúgà tí mo ń fi sí lítà kan, mo sì ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, n kì í fi ojú díwọ̀n. Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, mo máa ń rọ ìgò ike kan ṣoṣo mọ́ àwọn ti gíláàsì. Tí mo bá fi ọwọ́ tẹ ike náà, tí ó le bí òkúta, mo mọ̀ pé gáàsì ti tó, mo sì ń kó gbogbo rẹ̀ sínú òtútù. Bíà atalẹ̀ tí mo tún pọn bẹ̀rẹ̀ láti 1.034, ó sì dúró sí 1.006, ọtí inú rẹ̀ kò tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: ohun tó ṣẹ́ kù nínú ife

Mo pe ènìyàn 14 ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan: àwọn àgbà ẹbí, aládùúgbò, àti àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan aago méjì ọ̀sán, mo sì bẹ àǹtí wa pé kí wọ́n se ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀bìrìpo àti ìrẹsì ọ̀fàdà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, nítorí bíà tí a bá tọ́ wò lálẹ́ láìsí oúnjẹ lè tan ni jẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ife márùn-ún, mìlílítà 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì wà lábẹ́ ife.

N kò bi wọ́n pé èwo ló dára jù. Mo mọ ìdáhùn kí n tó béèrè. Ọmọ ilé ni ó pọntí, ìyá rẹ̀ ni a fẹ́ ṣe lóore, ta ni yóò bu ẹnu àtẹ́ lù ú? Gbogbo wọn ló yìn ín, wọ́n ṣàdúrà pé ọwọ́ mi kò ní rọ, àwọn méjì sì sọ pé bíà dúdú yẹn ni wọn kò tíì mu irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n lọ, mo kó ife náà jọ ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, mo da ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú jọ́ọ̀gì tó ní ìlà ìwọ̀n, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú mìlílítà 1,400 tí mo gbé kalẹ̀ fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ti ewúro ṣẹ́ ku 90, ti atalẹ̀ ṣẹ́ ku 140, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣẹ́ ku 310, àgàdàgídí ṣẹ́ ku 520. Bíà dúdú, èyí tí wọ́n yìn jù, ṣẹ́ ku 780, ó lé ní ìdajì.

Mo dúró ti jọ́ọ̀gì yẹn fún ìgbà díẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi tọ́jú bíà dúdú náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣe kedere nígbà tí mo ronú sí i. Ọtí inú rẹ̀ ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, orógbó sì mú kí ó korò gan-an. Ìkorò àti ọtí líle máa ń mú kí ata túbọ̀ jó ni lẹ́nu, nítorí náà ẹni tó bá ti fi ọbẹ̀ ata jẹun kò lè mu ún bí ẹni ń mu omi. Yóò tọ́ ọ wò, yóò yìn ín, yóò sì gbé e sílẹ̀. Ó tún wúwo fún oòrùn ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò wa yóò wakọ̀ lálẹ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò nílé wa pẹ̀lú ìgò méjì irú ọtí bẹ́ẹ̀ nínú.

Ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Nígbà tí mo wo ife rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìyókù náà ti wá. Ife àwọn àgbà gbẹ fúúfúú. Kíkan rẹ̀ ni ó bá wọn lára mu, bí gàárì Ìjẹ̀bú ti máa ń kan lẹ́nu ẹni tí wọ́n fi tọ́ dàgbà. Èyí túmọ̀ sí pé ó yẹ kí ó wà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ó kéré, kí a sì gbé e síwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àgàdàgídí dùn, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Bí mo bá ṣì í ní ọjọ́ méjì péré, ó ti kan jù. Mo yọ ọ́ kúrò.

Bí mo ṣe pín in nìyí: bíà ewúro ìgò 90, bíà atalẹ̀ ìgò 60, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lítà 20. Lítà 110 pé. Bíà dúdú dúró sílé.

Àǹtí ìyá wa kan béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bóyá ọtí tí a pọn nílé kò lè pa ènìyàn bí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 2015. Ìbéèrè náà tọ́, mo sì jókòó láti dá wọn lóhùn. Ọ̀gógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ ni ó ṣe àwọn ènìyàn yẹn ní ibi. Bíà kì í ṣe ọtí tí a gbé kaná kí ooru rẹ̀ di ọtí; a kì í pọn agbára rẹ̀ jọ sójú kan, mo sì mọ gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ nítorí ọwọ́ mi ni ó ti wá. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí n má ṣe ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ bù sí i. N kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkejì: pípọn gidi

N kò ní púpọ̀ láti sọ nípa èyí, nítorí iṣẹ́ kan náà ni mo ń tún ṣe. Ìkòkò ńlá méjì tí wọ́n fi ń se ìrẹsì àríyá ni mo yá. Ìsọ̀rí ewúro mẹ́ta, ti atalẹ̀ méjì, lítà 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń di nǹkan bí lítà 18 nígbà tí a bá yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò. Bíà ewúro bẹ̀rẹ̀ láti 1.042, ó sì parí sí 1.010, èyí tó jẹ́ kí ọtí inú rẹ̀ máa súnmọ́ ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Gíráàmù 15 ewúro gbígbẹ ni mo fi sí lítà 20, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn sísè. Nígbà tí mo fi í sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń rùn bí àgbo.

Ìgò ni ó dà mí láàmú. Mo gba 150 lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bíà ládùúgbò, mo rẹ wọ́n, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú wọn, mo fi omi bílíìṣì díẹ̀ ṣàn wọ́n, mo sì fi omi hóhó tó ti tutù ṣàn wọ́n tán. Ó yẹ kí n fi ìka yí ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan po láti mọ èyí tó ti ké. N kò ṣe é fún gbogbo wọn, mo sì rí èrè rẹ̀ lọ́jọ́ àríyá.

Ọ̀sẹ̀ àríyá: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ìyá àgbà ni wọ́n pọn èyí, èmi ni mo ń gbé omi. Wọ́n ti rẹ àgbàdo sínú omi, wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí ó fi hù, wọ́n ti sá a, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ kí n tó dé. A sè é ní ọjọ́ Wẹ́sidé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń fi ìpọnmi gbé e sókè, wọ́n ń jẹ́ kí ó ṣàn padà, wọ́n ń wo bí ó ti ń fà. N kò rí ọ̀pá ìwọ̀n ìgbóná kankan lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti tèmi bọ̀ ọ́ níkọ̀kọ̀ nígbà tí wọ́n ní kí a dín igi kù, 66°C ni ó wà. Mo fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò bí àwọn yòókù. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má fi ìgò sé e, ọmọ mi. Ó ṣì ń mí." A fi í sínú ìkòkò amọ̀ méjì, a fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, ó sì ru fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ àríyá

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti kó yìnyín sínú ọpọ́n ńlá mẹ́rin. Mo kọ́ àwọn ọmọ ẹbí mẹ́fà tó ń gbé ọtí pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ìgò lọ sórí tábìlì, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀, bí àlejò bá sì mì ín, yóò rú. Lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti ń rọ́ra da á sínú jọ́ọ̀gì, wọ́n ń fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, jọ́ọ̀gì nìkan ni ó ń jáde. Bíà atalẹ̀ ni a fi pàdé àwọn tó ń dé nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Nígbà tí oúnjẹ jáde, a kó ti ewúro síta. Ìyá àgbà jókòó ti ìkòkò wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń fi igbá bù ú fún àwọn ẹgbẹ́ wọn, kò sì tíì tó aago mẹ́ta tí ìkòkò méjèèjì fi gbẹ.

Ìgò ewúro méje ni kò hó rárá nígbà tí a ṣí wọn. Mo fi ìka yí ẹnu wọn po níbẹ̀. Márùn-ún ti ké. Mo dà wọ́n nù, n kò jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àlejò.

Bí onílù ti ń lù, èmi ń tẹ̀lé àwọn tó ń palẹ̀ mọ́, mo ń wo inú ife. Bùrọ̀dá rí mi, wọ́n sì mọ ohun tí mo ń wò. Wọ́n mú ife kan lórí tábìlì àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n dorí rẹ̀ kodò lójú mi, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ni ó já bọ́ sílẹ̀. Bíà ewúro tán ní kété tí aago mẹ́rin kọjá. Ìyá wa, tí wọn kì í mu bíà, ní kí n bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wá fún àwọn. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mo fi ṣíbí há fún wọn, wọ́n sì mu ún tán lórí ìdúró kí wọ́n tó padà sójú agbo.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí àwọn tó ń lọ sí Èkó ti lọ, tí ó ku àwa tí a ó sun ilé, mo gbé bíà dúdú jáde, ife kékeré kékeré. Kò sí oúnjẹ ata mọ́, afẹ́fẹ́ ti tutù. Ènìyàn mọ́kànlá ni a jókòó yí i ká, ìgò mẹ́sàn-án sì ni a mu.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Mo ka ohun tó ṣẹ́ kù: bíà atalẹ̀ ìgò 13, bíà dúdú ìgò 17, ewúro kò sí, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò sí. Bí mo bá tún pọn fún irú èrò bẹ́ẹ̀, ti ewúro yóò di ìgò 110, ti atalẹ̀ yóò dín kù sí 45, ìkòkò ìyá àgbà yóò di mẹ́ta. Mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bíà ewúro sórí bébà mímọ́, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò sì bá a. Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè ó ti gbẹ, ó ń fọ́ bí ìpékeré. Mo kó o sínú ìgò kékeré kan, mo kọ ọjọ́ sí i lára, mo sì gbé e sínú fírísà.